Òṣogbo, Ifẹ̀ àti omi Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ọjọ́ mẹ́ta: ìdáhùn fún ìyá ọlọ́mọ méjì tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni à ń gbé, ọmọ Èkó ni ọkọ mi. Àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún 13 àti ọmọ ọdún 9, kò tíì kọjá Èkó rí. A ń bọ̀ nílé ní oṣù kẹjọ, màmá mi tó jẹ́ ẹni ọdún 71 yóò sì bá wa rìn. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí Igbó Ọ̀ṣun, omi Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ilé-Ifẹ̀. Ọkọ mi ní a lè lọ ká sì bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àǹtí mi ní ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun gan-an ni ká wá, pé lọ́jọ́ mìíràn igbó lásán la máa bá níbẹ̀. Màmá mi, ìyá ìjọ ni wọ́n, ní àwọn kò ní fẹsẹ̀ tẹ igbó òrìṣà láéláé. Bó bá di dandan, a lè fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Kí ni ká ṣe?"

Ẹ kú ìmúra o, àbúrò mi. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, mo rí i pé ẹni mẹ́rin ló ń fa ìrìnàjò kan ṣoṣo yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́: ọkọ ń ro ti àkókò, àǹtí ń ro ti ayẹyẹ, màmá ń ro ti ìgbàgbọ́ wọn, ẹ̀yin ń ro ti àwọn ọmọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń mú àlejò káàkiri Òṣogbo àti àwọn ìlú tó yí i ká, mo sì ti bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Kí n sọ ibi tí mo fì sí kí n tó ṣàlàyé. Ẹ má ṣe é ní àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ má sì wá lọ́jọ́ àṣekágbá ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ sun oorun alẹ́ méjì ní Òṣogbo, kí ẹ jẹ́ kí Igbó Ọ̀ṣun jẹ́ gbòǹgbò ìrìn náà, kí ẹ sì gbà lọ́kàn yín láti ìsinsìnyí pé ọ̀kan nínú ibi méjì tó kù lè bọ́ kúrò nínú ètò.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló yá jù láti yanjú. Ẹni tó bá wo máàpù inú fóònù á rí i pé láti Èkó dé Òṣogbo kò ju igba kìlómítà ó lé díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun fi máa ń ṣírò rẹ̀ sí wákàtí méjì àbọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró la fi ń wọn ọ̀nà níbí. Ìjáde Èkó nìkan lè jẹ wákàtí kan lọ́wọ́ yín láàárín Ọjọ́ta àti Bẹ́gà. Ẹ ó tún pàdé àwọn tírélà lẹ́nu ọ̀nà Ìbàdàn, kí ẹ tó gba Aṣéjiré dé Ìkirè, Àpòmù àti Gbọ̀ngán. Ní Gbọ̀ngán ni ọ̀nà ti pín: ọwọ́ òsì lọ sí Òṣogbo, iwájú tààrà lọ sí Ifẹ̀. Láàárín Ìkirè sí Gbọ̀ngán yìí, kòtò máa ń pọ̀ lásìkò òjò débi pé awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ á máa rọra yí i ni, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà á sì tún dá yín dúró níbi tó bá wù wọ́n. Wákàtí mẹ́rin ni mò ń sọ fún àlejò mi bí ọ̀nà bá dára. Bí kò bá dára, ó lè di mẹ́fà. Ẹ wá fi Igbó Ọ̀ṣun kún un, ẹ fi ìrìn wákàtí kan àbọ̀ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà kún un, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó dojú kọ Èkó padà. Èmi kì í jẹ́ kí àlejò mi rìn ní ojú ọ̀nà yẹn lálẹ́, pàápàá àlejò tó gbé ọmọdé àti àgbàlagbà dání. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń ṣe lójú ọ̀nà ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá kúrò ní Èkó láago mẹ́fà àárọ̀, tó dé ibùsùn kí oòrùn tó wọ̀, ti ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀dá láti ṣe.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá kí àwọn gba ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń gbéra láti Ẹ̀búté Mẹ́tta, ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń já èrò sí Móníyà ní ìpẹ̀kun Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó dára ni, àwọn ọmọ yín á gbádùn rẹ̀ ju ọkọ̀ ilẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Móníyà tán, ẹ ṣì nílò ọkọ̀ tí yóò gbé yín gba ọ̀nà Ìwó dé Òṣogbo, àti èyí tí yóò máa gbé yín lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi á kúkú ní kí ẹ háyà ọkọ̀ kan láti Èkó pẹ̀lú awakọ̀ tí yóò sun ibi tí ẹ sùn. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ẹni ọdún 71 kò fẹ́ gáréèjì mẹ́ta lọ́jọ́ kan.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àǹtí yín, òun ló sì gbà mí ní àlàyé jù. Wọn kò parọ́ pé ọdún Ọ̀ṣun lẹ́wà. Ọjọ́ méjìlá ni ọdún náà, oṣù kẹjọ ló máa ń bọ́ sí, ààfin ni wọ́n ti ń kéde ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìwọ́pópó ló máa ń ṣíde rẹ̀, níbi tí Àtáója, ọba Òṣogbo, àti àwọn ìjòyè ti ń rìn gba ojú pópó láti fi fọ ọ̀nà mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan Olójúmẹ́rìndínlógún, àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tó ti wà látayébáyé. Ọba á jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, iná náà á sì máa jó láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀. Ìborí Adé náà wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó adé àwọn ọba tó ti wàjà jọ láti súre sí wọn. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni Arugbá, wúńdíá tó ru igbá ẹbọ ìlú, máa ń rìn láti ààfin dé etí odò. Èrò á tú láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn olùsìn Ọ̀ṣun á sì wá láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà.

Ibi tí àǹtí yín ti ṣìnà ni pé wọ́n ń wo igbó náà bí pápá ìṣeré tí kò wúlò bí kò bá sí ìdíje. Lọ́jọ́ Arugbá, ẹ̀yìn orí ènìyàn ni ọmọ ọdún 9 máa rí láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ọ̀nà tóóró tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò máa ń kún bámúbámú. Ilé iṣẹ́ ńláńlá á ti na àgọ́ wọn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa pariwo, àwọn ọmọkùnrin tó mú pàṣán dání á máa na ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn ère tí àgbáyé ń sọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀ o, àmọ́ ènìyàn á ti fara ti gbogbo wọn. Ní ọdún kan, mo mú ìdílé kan wọlé lọ́jọ́ náà nítorí pé wọ́n bẹ̀ mí títí. Ọmọkùnrin wọn já ọwọ́ mi láàárín èrò. Ogójì ìṣẹ́jú la fi wá a kí a tó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, ẹni tó jókòó tì í kó má bàa sọnù sí i. Ìyá ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé òtẹ́ẹ̀lì. Láti ìgbà yẹn, n kò mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá wọ igbó lọ́jọ́ àṣekágbá mọ́, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san.

Nítorí náà, bí ọjọ́ bá gbà fún yín, ẹ wá láàárín ọdún ṣùgbọ́n ṣáájú àṣekágbá, kí àwọn ọmọ lè rí iná Olójúmẹ́rìndínlógún lálẹ́ ní ààfin, kí ẹ sì wọ igbó láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn tí ibẹ̀ dákẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Bí ọjọ́ yín kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ má kábàámọ̀, ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún. Owó òtẹ́ẹ̀lì á ti padà sí bó ṣe yẹ kó wà.

Kí wá ni ẹ máa rí nínú igbó tó dákẹ́? Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi í kún àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní igbó báyìí lẹ́yìn odi wọn. Wọ́n ti gé wọn tán, wọ́n ti kọ́lé sí i, ti Òṣogbo ló ṣẹ́kù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà nì, ló gbé òrìṣà wá o, torí mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àlejò. Láti ayé Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn tí wọ́n tẹ ìlú dó ni àdéhùn ti wà láàárín ìlú àti odò. Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n ń gé igi láti fi dáko, igi wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti inú odò pé, "Oṣó inú igbó, ẹ rọra o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán." Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kì wá ní Òṣogbo ìlú aró. Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, dé Nàìjíríà ní 1950. Nígbà tó fi máa dé Òṣogbo, wọ́n ti ń gé igbó náà, àwọn kan ti ń fojú sí ilẹ̀ rẹ̀, ojúbọ ti ń wó. Òun àti àwọn ọmọ ìlú bíi Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà kó tó di oníṣẹ́ ère sìmẹ́ǹtì, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, àti Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, ni wọ́n tún ojúbọ kọ́, tí wọ́n mọ ògiri, tí wọ́n sì gbé àwọn ère ńlá dìde kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní olúwa. Àdùnní Olórìṣà ni ìlú ń pè é. Òṣogbo ló kú sí ní oṣù kìíní 2009.

Bí ẹ bá dé iwájú ère Ìyá Mọ̀ọ́pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, tó na ọwọ́ sókè bí ẹni ń gba nǹkan láti ọ̀run, ẹ ní kí àwọn ọmọ dúró, kí wọ́n má sáré kọjá. Ẹ ní kí wọ́n wo ara ère náà láti itòsí. Kò dán. Ẹ ó rí ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti tẹ sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, bí ìgbà tí ìyá àgbà ń fi ọwọ́ rẹ́ ògiri alámọ̀. Èéhù tútù ti hù sí àwọn ibi tí oòrùn kì í dé. Níbòmíràn, òjò ti họ sìmẹ́ǹtì dànù, irin inú rẹ̀ yọjú, ìpẹtà pupa sì ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, torí ó ń ṣí. Àwọn tó ń tún un ṣe ń sáré bá ọjọ́ ni, mo sì máa ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ tí ẹ mú wá lónìí lè mú ọmọ tiwọn wá kí wọ́n bá òkìtì. Àwọn ọ̀bọ wà lórí igi pẹ̀lú, wọn kì í sá fún ènìyàn. Bí ọmọ bá mú bisikíìtì dání, wọ́n á já a gbà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí ẹ ti wọlé, kí ẹ gba afinimọ̀nà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì béèrè iye owó kámẹ́rà kí ẹ tó yọ fóònù.

Ọ̀rọ̀ màmá ni mo fi sí àárín nítorí pé òun ló jẹ mí lọ́kàn jù. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀: wíwọ igbó náà kì í ṣe ìjọsìn, kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ kúnlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi omi wọ́n yín láìgbàṣẹ. Àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì Òṣogbo ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Àtáója tó wà lórí ìtẹ́ láti 2010, Ọba Jimoh Ọláníp̣ẹ̀kun, Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ òun ló ń ṣe ọdún náà fún ìlú. Ọ̀pọ̀ àwọn ère yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń bọ, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ní tan màmá jẹ kí n sọ pé ọgbà ìgbafẹ́ lásán ni. Ibi ìjọsìn ni fún àwọn tó ni ín. Ẹ lè bá ẹni tó wólẹ̀ sí etí odò tó ń sọkún bẹ Ọ̀ṣun fún ọmọ. Ẹ lè bá àwọn tó máa pè yín pé kí ẹ wá gba àdúrà, tí wọ́n á sì retí owó. Bí ẹ bá sọ pé "Ẹ ṣeun, a wá wòran ni," wọ́n á fi yín sílẹ̀. Ẹ kàn kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má ya fọ́tò ẹni tó ń gbàdúrà, kí wọ́n sì bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ní kí wọ́n bọ́ ọ.

Bí màmá bá ti gbọ́ gbogbo èyí tí wọ́n ṣì ní àwọn kò lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà wọ́n. Mo ti rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀bẹ̀ mú wọlé, tó ń ka Sáàmù lábẹ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé odò, ojú rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan. Ọjọ́ rẹ̀ bàjẹ́, ti àwọn tó kù náà bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ gbé màmá lọ sí Ọjà Ọba ní wákàtí méjì yẹn. Ìyá tó bá fẹ́ràn aṣọ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Tàbí kí gbogbo yín jọ lọ sí ilé àwọn aláró lọ́sàn-án, torí èyí kò kan ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Níkẹ̀ẹ́ Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní àwọn ọdún 1980, àwọn aláró kéékèèké míràn sì tún wà. Ọmọ ọdún 13 lè fi àbẹ́là tó yọ́ kọ àpẹẹrẹ sára aṣọ, kó rì í sínú aró. Bí aṣọ bá ti inú ìkòkò jáde, ewé ló máa jọ lójú, á wá máa yí di búlúù bí atẹ́gùn ṣe ń kàn án. N kò tíì rí ọmọ tí ẹnu kò yà sí i. Màmá yín gan-an lè rántí ohun tí ìyá tiwọn ń ṣe.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ nípa odò fúnra rẹ̀ kí ó má bàa jẹ́ pé ojú yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Omi Ọ̀ṣun kò mọ́ mọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a máa ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní báyìí, ó rí bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Àwọn tó ń wa wúrà láìgba àṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lókè odò, ló ń fi ẹ̀rọ kó ilẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun. Ẹrẹ̀ yẹn ló ń gbé bọ̀, òun àti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ wúrà. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún ará ìlú kí wọ́n má mu ún. Síbẹ̀ ẹ ó rí ẹni tó ń bu ú sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé, torí ó gbà pé omi ìyá òun kò lè pa òun lára. Èmi kì í bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mu ún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fọjú. Ó ń dùn mí láti kọ èyí nípa odò tí wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ.

Omi tí àwọn ọmọ lè wọ̀ ni ti Erin-Ìjẹ̀ṣà. Olúmirin lorúkọ rẹ̀, ìpele méje ló ní, láti ara òkè ni omi ti ń já bọ̀ lórí àpáta. Ẹ ó gba Iléṣà, ẹ ó mú ọ̀nà Àkúrẹ́ kí ẹ tó yà. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí ìgbà wo ló dára jù láti lọ, ìdáhùn rẹ̀ kò sì rọrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, ilẹ̀ gbẹ, gígun òkè rọrùn, ṣùgbọ́n omi á ti kéré. Ní oṣù kẹsàn-án, omi á máa hó débi pé ẹ̀yin àti ẹni tó dúró tì yín kò ní gbọ́ ara yín, àpáta á sì máa yọ̀ bí ilá. Oṣù kẹjọ tí ẹ ń bọ̀ bọ́ sí àárín. Òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní ilẹ̀ wa lásìkò yẹn kó tó tún bẹ̀rẹ̀, omi ṣì máa ń pọ̀, ọ̀nà á sì ti gbẹ díẹ̀. N kò lè ṣèlérí fún yín, torí ìsinmi òjò kì í dé lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún.

Ìpele kìíní kò le. Àtẹ̀gùn wà, màmá lè rọra gùn ún, kí wọ́n jókòó lórí àpáta kí ìrì omi máa fẹ́ sí wọn lára. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ ó fi máa gùn ún, gbòǹgbò igi lẹ ó máa dì mú. Ọmọ ọdún 13 lè dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin pẹ̀lú afinimọ̀nà. Ìpele kejì tó fún ọmọ ọdún 9. Bàtà rọ́bà tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kí gbogbo yín wọ̀, ẹ má wọ sílípáàsì. Èmi tí mo mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ ti yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ọrùn ọwọ́ mi sì wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá rí i tí omi ṣàdédé yí àwọ̀ padà, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewé àti igi bọ̀, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn níbi tí ẹ wà. Ẹ jáde kúrò nínú omi lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró ya fọ́tò.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ fojú inú wò dáadáa kí ẹ tó lọ, torí ibẹ̀ ni ìjákulẹ̀ ti máa ń pọ̀ jù fún ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ń lọ nítorí àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní ọgbà Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ó sì ní ohun tó dára, àmọ́ díẹ̀ lára àwọn iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù wà ní Èkó, ọ̀kan sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó kí ẹ tó wọ bàálù. Bí wọ́n bá ti rí i níbẹ̀, Ifẹ̀ á yé wọn lọ́nà mìíràn, wọ́n á béèrè ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n béèrè. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga tó mítà márùn-ún àbọ̀, òkúta ni, ìṣó irin sì wà lára rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn Ọ̀rànmíyàn á wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, á ní ebi ń pa òun. Ẹ sọ ìtàn náà nínú ọkọ̀, ẹ sọ ti Mọrèmi àti odò Ẹ̀sìnmìrìn pẹ̀lú, kí ẹ tó fi ère Mọrèmi ńlá tí wọ́n gbé dìde ní 2016 hàn wọ́n. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ wakọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn òkè àti ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wu ojú.

Bí èmi bá ni yín, bí mo ṣe máa tò ó rèé. Lọ́jọ́ kìíní, kúrò ní Èkó láago mẹ́fà àárọ̀, kọjá Gbọ̀ngán lọ sí Ifẹ̀ tààrà, lo wákàtí mẹ́ta níbẹ̀, kí o sì wọ Òṣogbo kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá jẹ yín lọ́jọ́ lọ́wọ́, Ifẹ̀ lẹ máa fò, ẹ yà sí Òṣogbo ní Gbọ̀ngán láìwẹ̀yìn. Igbó ni ti àárọ̀ ọjọ́ kejì, aró ni ti ọ̀sán, ààfin ni ti alẹ́ bí iná Olójúmẹ́rìndínlógún bá bọ́ sí ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta le, mi ò ní fi pamọ́ fún yín: láti Òṣogbo sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹ tún ti ibẹ̀ dojú kọ Èkó, gígùn ni. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò létí omi láago mọ́kànlá. Bí ẹ bá lè fi alẹ́ kan kún un, ẹ sùn sí Iléṣà tàbí Ìbàdàn, ara màmá á dúpẹ́. Bí ẹ kò bá lè fi kún un, tí òjò sì rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kẹta, ẹ fi Olúmirin sílẹ̀. Ẹ lọ sí Ẹdẹ, kò jìnnà rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu dùndún fún àwọn ọmọ kí wọ́n gbọ́ bí ìlù ṣe ń pe orúkọ wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ mú owó náírà lọ́wọ́ o, pàápàá owó kéékèèké, torí POS kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń lọ lẹ́bàá òkè Erin-Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ kò bi mí léèrè oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọmọdé á bi yín. Bí ẹ bá gba Iléṣà, iyán ni kí ẹ jẹ níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ ìrẹsì. Bí ẹ bá ń padà lọ, ẹ ní kí awakọ̀ dẹ̀rìn ní Ìkirè. Àwọn ìyá tó ń ta dòdò Ìkirè á sáré bá ọkọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n gún pẹ̀lú ata àti iyọ̀, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Ó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù á fi rò pé ó ti jóná. Ẹ fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́ nígbà tó ṣì gbóná, kí adùn rẹ̀ kọ́kọ́ dé kí ata tó tẹ̀ lé e. Ẹ ra èyí tó máa tó yín dé Èkó, torí tí ẹ bá ti kọjá Aṣéjiré, ó lè má rọrùn láti rí i rà mọ́.